Kí Ló Wà Nínú Evangelion Tó Ń Gba Èèyàn Lọ́kàn Tó Báyìí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nípa Evangelion kì í sábà yí padà. Ẹni tí kò tíì wò ó á ní kí ló wà nínú róbọ́ọ̀tì tó ń jà tí àgbàlagbà fi ń sunkún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán á ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun gan-an, àmọ́ oorun ò kun òun mọ́. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Mo máa sọ bí ìtàn ṣe parí, torí kò sí bí mo ṣe fẹ́ dáhùn láìsọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó kọ́kọ́ lọ wò ó ná.

Kí ni Evangelion gan-an?

Ánímè orí tẹlifíṣọ̀n ni, ìyẹn káàtúùnù Jàpáànù, apá 26 ló ní. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Neon Genesis Evangelion. TV Tokyo ló gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Jàpáànù, láti ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1995 títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1996. Ilé iṣẹ́ Gainax ló ṣe é, Hideaki Anno ló sì darí rẹ̀.

Ọdún 2015 ni ìtàn náà wáyé, ìyẹn sì jẹ́ ọjọ́ iwájú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọdún 15 ṣáájú ìgbà yẹn, àjálù kan bẹ́ sílẹ̀ ní Antarctica, ìdajì ọmọ aráyé bá a lọ. Òtútù ti lọ kúrò ní Jàpáànù pátápátá látìgbà náà; ẹ̀ẹ̀rùn ló kù, tí kòkòrò ń han lórí igi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. (Ẹ fetí sí ohùn kòkòrò yẹn tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́.) Ní báyìí, àwọn ẹ̀dá abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Áńgẹ́lì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan wá kọlu ìlú Tokyo-3, tó wà lágbègbè Hakone. Ìbọn ò ràn wọ́n, bọ́ǹbù ò ràn wọ́n. Eva nìkan ló lè kojú wọn, òmìrán kan tó dúró gbàgìdì bí ilé alájà púpọ̀. Àwọn ọmọ ọdún 14 ni wọ́n sì ń kó sínú rẹ̀. Shinji Ikari, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, wà lára wọn.

Ṣé kì í ṣe ti ọmọdé ni, nígbà tó jẹ́ káàtúùnù?

Rárá o. Lóòótọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń gbé e jáde nígbà náà, wákàtí tí ọmọ ilé ìwé máa ń wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó pa ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ kẹ́ ẹ wá bá tiyín lọ.

Kí ló fi yàtọ̀ sí róbọ́ọ̀tì tá a ti mọ̀, bíi Voltron?

Àwa tá a wo Voltron nígbà tá a wà ní kékeré mọ bó ṣe ń lọ: kìnnìún márùn-ún á pàdé, wọ́n á di ẹyọ kan, idà á yọ, ọ̀tá á fọ́ yángá. (Jàpáànù ni Voltron náà ti wá. GoLion ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ lọ́dún 1981.) Láti ìgbà Mazinger Z, lọ́dún 1972, ni wọ́n ti ń ta irú àlá yìí fún ọmọdé: bó o ṣe kéré tó yìí, wọnú irin, o ti di alágbára. Nígbà tí Gundam dé lọ́dún 1979, ó bu omi sí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, torí ogun inú rẹ̀ jọ ogun, ọmọ tó ń wa róbọ́ọ̀tì ibẹ̀ sì ń bẹ̀rù. Evangelion ní tiẹ̀ gbá àlá náà mú, ó sì dojú ẹ̀ dé.

Ẹ wo wáyà ẹ̀yìn Eva. Òmìrán yìí ò lè dá rìn. Wáyà gbọọrọ kan ló so ó mọ́ iná. Bí wáyà yẹn bá já, bátìrì inú rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, lóru, nínú yàrá tá a jọ ń gbé nílé ìwé, wọ́n sì ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Bátìrì Eva ń tán lọ, bátìrì tiwa náà ń tán lọ. Mi ò tíì rí ìjà tó kó mi láyà sókè bẹ́ẹ̀ rí.

Orúkọ tí wọ́n sọ wáyà náà, ìwọ́ ọmọ ni wọ́n fà á yọ lára rẹ̀. Ibi tí ọmọ náà ń jókòó sí nínú Eva, omi aláwọ̀ ọsàn ló kún ibẹ̀ dé òkè. Ó máa fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, á máa fi mí, òórùn ẹ̀jẹ̀ ló sì ń run. Ẹ ti mọ ibi tí ọmọ ti ń gbé nínú omi, tí ìwọ́ so ó mọ́ ibi tó ti ń jẹun. Irin tá à ń rí lára Eva ńkọ́? Ní apá 19, Ritsuko Akagi, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn Eva, là á yé wa pé irin yẹn kì í ṣe ẹ̀wù ogun, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni, òun ni wọ́n fi dè é. Ẹran ara ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń bú ramúramù, ebi ń pa á. Ọkàn ìyá Shinji ló sì wà nínú èyí tí Shinji ń wà.

Wọ́n ti fi èyí hàn wá láti apá kìíní, ojú wa ni ò là. Kí ọmọ náà tó fẹsẹ̀ kan inú Eva rí, ìlú mì tìtì, irin ńláńlá já bọ́ láti òkè ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ọwọ́ Eva gbéra, ó ṣíji bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni kankan nínú rẹ̀. Ìgbà kejì tí mo wò ó ni mo tó mọ ẹni tó na ọwọ́ yẹn. Mo ní láti dá a dúró ná.

Kí ló dé tí Shinji ń sunkún ṣáá? Ṣé ojo ni?

Ìbéèrè tí mo kórìíra jù rè é, òun náà sì ni wọ́n ń béèrè jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún ti gorí ọdún tí Shinji Ikari ti fojú kan bàbá rẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá ti kú, bàbá gbé e fún ẹlòmíì tọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀. Ọmọ náà dé, ó bá Gendo bàbá rẹ̀ lókè, lẹ́yìn gíláàsì, tó ń wò ó nílẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Kò kí i, kò béèrè bó ṣe rìn. Ó ní kó wọnú Eva kó lọ jà. Bí kò bá ní wọ̀ ọ́, kó máa lọ sílé. Shinji ní òun ò lè ṣe é. Kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ti ọmọbìnrin kan wọlé lórí ibùsùn onítáyà, báńdéèjì lójú, báńdéèjì lápá, pé òun ni yóò lọ níwọ̀n ìgbà tí Shinji ti kọ̀. Ilẹ̀ mì, ọmọbìnrin náà já bọ́, Shinji sáré gbá a mú. Nígbà tó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Ló bá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ara rẹ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sá, òun ò gbọdọ̀ sá. Ó gbà.

Wọn ò fipá mú un o. Bẹ́ẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà kọ̀? Ẹni tó bá jẹ́ àkọ́bí, tí wọ́n ti pè jókòó rí pé "ìwọ náà wo bí nǹkan ṣe rí, ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ ni kó o ṣe," mọ irú yàrá tí ọmọ yìí wà. Ojo kọ́ ló ń sunkún níbẹ̀. Ọmọ ọdún 14 tí àwọn àgbàlagbà yí ká ni, tí ojú gbogbo wọn sì wà lára rẹ̀.

Kí ló wá dé tí kò fi lọ? Ní apá 12, lẹ́yìn ìjà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn, bàbá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tó sọ ò ju "o káre" lọ. Misato, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, kó àwọn ọmọ náà lọ jẹ núdù lẹ́bàá títì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni Shinji ti jẹ́wọ́: ó ní òun ò mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n yìn èèyàn tẹ́lẹ̀, ó sì jọ pé ìdí tí òun fi ń wọ Eva nìyẹn. Torí ọ̀rọ̀ méjì péré! Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sọ "o káre" fún un lójoojúmọ́ lè máa fi í rẹ́rìn-ín. Àwa yòókù dákẹ́.

Ẹ̀rọ orin kan tún wà tó máa ń fi sétí. Orin kan náà ló ń gbọ́ ṣáá, láti 25 sí 26, á tún padà. Ká sòótọ́, ìyẹn ló mú mi ju gbogbo ìjà lọ. Mo mọ ẹni tó máa ń fi ohun ìgbọ́rin sétí nínú mọ́tò láìtan orin kankan, kí wọ́n má baà bá a sọ̀rọ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ òòrẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń sọ?

Àfiwé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan ni, Schopenhauer. Ó ní òtútù mú àwọn òòrẹ̀, wọ́n sún mọ́ra kí ara wọn lè móoru, ẹ̀gún ara wọn ń gún ara wọn. Wọ́n tún jìnnà síra, òtútù tún mú wọn. Ritsuko ló sọ ọ́ fún Misato nípa Shinji, wọ́n sì fi ṣe orúkọ apá 4 lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni Evangelion dá lé lórí, mi ò ní dárúkọ Áńgẹ́lì, mi ò ní dárúkọ róbọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ òòrẹ̀ yìí ni.

Àmọ́ ohun tó fi yé mi kì í ṣe àfiwé yẹn, ìkíni ni. Ní apá 2, Misato ní kí Shinji wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ilé náà dọ̀tí, agolo bíà kún ilẹ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọrọ gáfárà bí àlejò. Misato ní ilé rẹ̀ nìyí o. Ọmọ náà lọ́ra, ojú ń tì í, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ará Jàpáànù máa ń sọ tó bá wọlé: *tadaima*. Misato dá a lóhùn: *okaerinasai*. Mo ti rí oríṣiríṣi ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èyí tó dún bí ohun tí èèyàn gidi ń sọ lójoojúmọ́. Yorùbá ò níṣòro kankan níbẹ̀. "Ẹ kúulé o." "Káàbọ̀." Èyí tó ń wọlé àti èyí tó wà nílé, kálukú ní tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kí kúulé nílé tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ní apá 4, Shinji sá lọ. Ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri láìní ibi tó ń lọ, ó sùn nínú ilé sinimá. Wọ́n mú un padà, wọ́n wá ní kó máa lọ síbi tó ti wá. Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ, Misato sáré dé ibùdókọ̀ náà, ó rò pé ó ti lọ. Ó gbójú sókè, ó bá ọmọ náà tó dúró ṣánṣán. Wọ́n ń wo ara wọn, àwòrán náà ò mira, ó pẹ́ títí. "Ẹ kúulé." "Káàbọ̀." Ilé kankan ò sí níbẹ̀ o, ìbùdókọ̀ ni!

Asuka ńkọ́? Rei ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n ń jà lé wọn lórí?

Ìjà pé ta ló rẹwà jù, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí wà tí kálukú fi mú tiẹ̀.

Rei Ayanami, ọmọbìnrin oníbáńdéèjì ọjọ́sí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó yá la mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀, pé ẹlòmíì wà nílẹ̀ tí wọn yóò fi dípò rẹ̀ tó bá kú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń rò pé bí àwọn ò bá sí, ayé á kàn máa lọ, Rei ni tiwọn.

Asuka Langley Soryu wá láti Jámánì. Aláriwo ni, agbéraga ni, ó sì mọ iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ sínwín, ó ń gbé bèbí, ó ń pe bèbí ní ọmọ rẹ̀, kò mọ Asuka fúnra rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n yan Asuka láti máa wa Eva, ó fi ìdùnnú sáré wálé láti wá sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì bá a níbi tó so kọ́ sí. Gbogbo "ẹ wò mí, ẹ wò mí" tí ọmọ yìí ń pariwo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní apá 22, Áńgẹ́lì kan tan ìmọ́lẹ̀ wọ inú ọkàn rẹ̀, ó ń tú gbogbo ohun tó fi pa mọ́ síta. Orin tí wọ́n fi sí i ni Halleluyah ti Handel, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gbé sókè tí Kérésì bá dé. Kò ṣeé ṣe fún mi láti gbọ́ orin yẹn bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Nínú apá 22 yìí kan náà, Asuka àti Rei jọ wà nínú lífíìtì. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ̀rọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi gbé àwòrán kan ṣoṣo sílẹ̀: ẹ̀yìn Rei, ojú Asuka lápá kan, ariwo ẹ̀rọ. Àwọn kan ní owó ló tán. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Èkó lẹ́yìn ìjà kan, mo sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan yẹn kéré.

Ta ni Hideaki Anno, kí sì ló ṣe é?

Ìlú Ube, ní ìpínlẹ̀ Yamaguchi, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1960. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó ya òmìrán oníná inú Nausicaä, fíìmù ọdún 1984, òun náà ló sì darí ánímè Nadia fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK láti 1990 sí 1991. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dákẹ́. Kí Evangelion tó jáde, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó sọ níbẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni òun fi wà bí ohun tó fọ́, tí òun ò lè ṣe nǹkan kan, tí òun kàn ń sá kiri, tí òun kàn ṣì wà láàyè. Ó ní ohun tó wá sọ sí òun lọ́kàn ni pé òun ò gbọdọ̀ sá.

Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lókè. Òun ló fi sẹ́nu Shinji.

Àwọn tí ìsoríkọ́ ti mú rí tètè máa ń dá nǹkan yìí mọ̀. Kì í ṣe torí pé wọ́n sunkún níbẹ̀. Fíìmù tí wọ́n ti ń sunkún pọ̀ lọ jàra. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ láìlọ ni, bí èèyàn ṣe ń dùbúlẹ̀ tó ń wo àjà ilé, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ tí ohùn náà ń dún látọ̀nà jíjìn. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí ò lè ya àjà yẹn.

Ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànù nígbà náà kàn án?

Wọ́n ti ń múra iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́, nítorí náà mi ò ní pé ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún yẹn ló bí i. Àmọ́ ẹ wo irú ilé tó já sí. Ọrọ̀ ajé wọn ti wó lulẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe, ó pa èèyàn tó lé ní 6,000. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Aum Shinrikyo tú gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé dáadáa sì wà lára ọmọ ẹgbẹ́ náà. Oṣù kẹwàá ni Evangelion wọlé dé, pẹ̀lú ìlú tó ń rì, àti ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó fẹ́ fi tipátipá sọ ayé di ọ̀tun.

Àgbélébùú, Áńgẹ́lì, Ádámù: ṣé ìtàn ẹ̀sìn ni?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ ajíhìnrere bi mí ní èyí, ojú ẹ̀ sì le. Mo sọ òótọ́ fún un. Ní Jàpáànù, àwọn Kristẹni ò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà àgbélébùú jẹ́ ohun àjèjì tó ní ẹwà lójú wọn, bí ère ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń rí lójú tiwa. Kazuya Tsurumaki, igbá-kejì olùdarí, ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọn ò ní ìwàásù kankan lọ́kàn tí wọ́n fi kó àwọn àmì náà síbẹ̀. Kódà "Áńgẹ́lì" kọ́ ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀dá náà lédè Jàpáànù. *Shito* ni, ìyẹn àpọ́sítélì. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìfihàn túmọ̀ rẹ̀ kàn ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní apá 25 àti 26 tí gbogbo èèyàn fi bínú?

Wọ́n pa ìjà tì. Ogun tá a ti ń bá bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a ò rí bó ṣe parí. Shinji jókòó lórí àga kan nínú òkùnkùn, iná kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ sí i lórí, ìbéèrè ń yọ gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n: kí lò ń bẹ̀rù? Kí ló dé tó ò ń wọ Eva? Àwọn àwòrán kan ò ní ọ̀dà lára, ìlà pẹ́ńsù lásán ni. Àkókò ti fún wọn lọ́rùn pátápátá. Ní ìgbẹ̀yìn, ọmọ náà gbà pé ó ṣeé ṣe kóun fẹ́ràn ara òun, ó kéré tán kóun gbìyànjú ẹ̀. Ògiri fọ́, gbogbo ẹni tó mọ̀ yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kí i kú oríire lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀. Pẹ́ńgúìnì tí Misato ń sìn náà wà níbẹ̀.

Inú bí àwọn kan débi pé wọ́n kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí Gainax. Fíìmù The End of Evangelion tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1997, ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde hàn wá, ó burú jáì, Anno sì mú lára lẹ́tà èébú yẹn, ó fi sínú fíìmù náà, ó yọ wìn, ó kọjá. Èmi wà lẹ́yìn apá 26 o. Fíìmù yẹn dára jù ú lọ ní gbogbo ọ̀nà, mo gbà. Ṣùgbọ́n apá 26 ni mo padà lọ wò lọ́dún tí mo pàdánù iṣẹ́ mi.

Wọ́n fẹ́ sọ gbogbo èèyàn di ọ̀kan. Kí ló burú nínú ẹ̀?

Ìbéèrè gidi nìyí. Ètò tí bàbá Shinji àti àwọn àgbà kan ń gbìmọ̀ rẹ̀ ni pé kí ara gbogbo ẹ̀dá yọ́ di omi, kí ọkàn gbogbo wa para pọ̀. Kò ní sí ẹni tó ń dá wà mọ́, kò ní sí àṣìgbọ́, òòrẹ̀ ò ní lẹ́gùn-ún mọ́. Ẹni tí àárò ń sọ á gbà lójú ẹsẹ̀. Shinji gbà pẹ̀lú, nígbà tí ayé sú u. Àfìgbà tó dé inú rẹ̀ ló rí i pé níbi tí kò ti sí ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó lè kí i káàbọ̀. Ó ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti lè ṣe é léṣe. Ó jí létí òkun pupa kan, Asuka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní ara òun kọ̀ ọ́. Fíìmù parí síbẹ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Apá 1 dé 26, lẹ́yìn náà The End of Evangelion. Fíìmù mẹ́rin tí wọ́n ṣe lọ́tun (2007, 2009, 2012, 2021) ló gbẹ̀yìn. Ẹ má fi wọ́n ṣáájú torí pé àwòrán wọn dán. Netflix gbé ti àtijọ́ jáde lọ́dún 2019, àmọ́ wọ́n yọ Fly Me to the Moon tó máa ń parí apá kọ̀ọ̀kan kúrò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ń dùn wá di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan ò rọgbọ fún mi lásìkò yìí. Ṣé kí n wò ó?

Má dá wò ó. Bó bá wúwo jù, pa á. Apá 22 ni mo ti pa á nígbà kan, ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó padà, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pé kó o pa ara rẹ ló ń wá sí ọ lọ́kàn, fi ánímè sílẹ̀ ná, pe ẹnì kan lónìí, kó o sì lọ rí dókítà.

Ṣé ó ti wá parí lóòótọ́?

Ìtàn Shinji ti parí. Fíìmù ìkẹyìn nínú mẹ́rin yẹn jáde ní Jàpáànù ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2021, ó lé ní ọdún 25 sí ìgbà tí apá kìíní jáde. Àwọn tó wo ti àkọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 14 ti lọ́mọ nílé. Nínú rẹ̀, bàbá àti ọmọ jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé bàbá ló ni ẹ̀rọ orin yẹn tẹ́lẹ̀, pé òun náà ni ọmọ tó ń fi í sétí kí aráyé má baà bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, Shinji tó ti dàgbà jókòó ní ìbùdókọ̀ kan. Mari, ọmọbìnrin tó wá bá a níbẹ̀, bọ́ ohun tí wọ́n dè mọ́ Shinji lọ́rùn. Shinji di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sáré jáde. Àwòrán yíyà wá di fọ́tò gidi, kámẹ́rà gòkè, a rí òrùlé, títì, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti òkun lẹ́yìn wọn. Ìlú Ube ni.